Raliatou Àti Hóró Àìfojúrí

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ tí Raliatou kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ rédíò tó wà ní Tchaourou. Ètè rẹ̀ ti là, eruku ọ̀nà Goro sì ti sọ ìbòrí funfun tó wà lórí rẹ̀ di pupa. Ó kí àwọn tó bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun mú ìkéde kan wá tí òun fẹ́ kí wọ́n bá òun kà.

Mouftaou ni wọ́n ní kó lọ bá. Láti Tchatchou títí dé Alafiarou, àwọn tó mọ ohùn ọkùnrin yìí pọ̀ ju àwọn tó mọ ojú rẹ̀ lọ. Òun ló ń ka ìròyìn ní èdè Nàgó, òun náà ló ń kéde òkú àti ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó wà ní kékeré, ohùn kan ṣoṣo ló ń ti Cotonou wá sínú rédíò bàbá rẹ̀, ohun tí ìjọba bá sì fẹ́ ni ohùn náà ń sọ. Ìgbà tí ìjọba tiwa-n-tiwa padà dé sí ilẹ̀ Benin ni àwọn ìlú bíi tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní rédíò tiwọn. Nítorí náà, Mouftaou kì í fi ohun tó bá fẹ́ sọ níbẹ̀ ṣeré.

Ó ka ìkéde náà. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé tó le. Ó tún un kà, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

“Tata, ẹ má bínú,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. “Mi ò ní lè ka èyí.”

Raliatou bi í pé kí ló dé. Ó fèsì pé àwọn ìyá tí wọ́n ń pè nínú ìkéde náà yóò máa bá iyán wọn lọ ni, wọn kò ní mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń bá wí. Ó ní kí ó sọ ọ́ fún òun ní Nàgó, bí ìgbà tó ń sọ ọ́ fún ìyá tó bí i.

Raliatou bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní Nàgó, Faransé ló sì fi parí rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni ní Goro, Nàgó ló fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì Cotonou ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí àìsàn tó ń ṣe, ilẹ̀ Faransé ló sì ti ń bá a lọ. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni ní kó fi èdè ilé sọ ọ́. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn ni Mouftaou máa ń sọ títí di òní pé ó kọ́kọ́ fa òun mọ́ra.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà. Raliatou ṣàlàyé pé ikọ́ kan wà tó máa ń dé pẹ̀lú ọyẹ́, tó máa ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lọ́rùn títí èémí wọn á fi máa dún bí súfèé. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, kò sì tíì sí àjẹsára rẹ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá àyẹ̀wò ló ń wá a.

“Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?” Mouftaou béèrè.

Ó ní ara èèyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, bí àwa náà ṣe ń fi ojú dá ara wa mọ̀. Tí wọ́n bá bu ojú àìsàn náà nìkan sínú abẹ́rẹ́, tó kàn ń léfòó kiri nínú ara, àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í sábà kà á sí. Ohun tí àwọn wá ń ṣe ni pé àwọn ń mọ hóró kan tó kéré gan-an, àwọn á sì gbin ojú náà yí i ká, kó lè jọ àìsàn náà gẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó lè pa èèyàn lára nínú hóró ọ̀hún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá rí i báyìí, gbogbo wọn á dìde, wọn kò sì ní gbàgbé ojú náà mọ́. Ìyá tó lóyún ni àwọn fẹ́ máa fún, kó lè bí ọmọ tòun ti ẹ̀ṣọ́ lára.

“Báwo ni hóró náà ṣe kéré tó?”

“Ẹ wo eruku tó ń fò nínú oòrùn tó gba àárín ewé igi yìí kọjá yẹn. Òkè ńlá ni ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Mouftaou wo eruku náà pẹ́. Ó ní kí ni àwọn á wá máa pè é lórí rédíò. Wọ́n gbé orúkọ kan wá, wọ́n jù ú nù, wọ́n gbé òmíràn. Raliatou fúnra rẹ̀ ló rí i níkẹyìn. “Hóró àìfojúrí,” ó ní, ó sì tún un sọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí òun ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí.

Ohun kan ló kù tó yẹ kí Mouftaou mọ̀: ìdí tó fi wá sílé. Ó ní ojú àìsàn náà máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, imú ọmọ òyìnbó ni wọ́n sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn. Òun kò fẹ́ kí wọ́n parí àjẹsára kan láì ka àwọn ọmọ Tchaourou mọ́ ọn. Igi tínrín kan tí wọ́n fi òwú wé lórí lòun máa fi gba ikun nínú imú àwọn ọmọ tó ń wúkọ́, tí ìyá wọn bá gbà.

Mouftaou rò ó pé obìnrin yìí ti jìnnà sí ilé tó báyìí, kò sì gbàgbé ẹnikẹ́ni. Ká sòótọ́, bó ṣe mọ rírì rẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kéde ọ̀rọ̀ náà ní Nàgó lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá sí ilé ìwòsàn. Bí Mouftaou bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó máa ń bá Raliatou lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá kan, tó ń fi igi olówùú náà ti imú ara rẹ̀ kí ọmọ lè rẹ́rìn-ín kó tó kan tirẹ̀. Kì í kánjú. Ìyá tó bá ní òun kò ṣe mọ́, Raliatou máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń bá a pọn ọmọ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Mouftaou máa ń ra wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín dání fún un. Raliatou máa ń pè é ní Tonton Rédíò, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, kó lè pa á lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń rìn bọ̀ lẹ́bàá oko kajú, Mouftaou gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, “Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?” Àwọn méjèèjì gbọ́ pé “ọ́” ló sọ, kò sọ pé “yín”. Raliatou fèsì pé, “Tí ìwọ náà bá wà níbí, kì í rẹ̀ mí.” Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò fi “ẹ” bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Mouftaou sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, pé òun sì fẹ́ fi ṣe aya. Inú Raliatou dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní òun náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti lọ, òun ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ òun, òun kò sì lè sọ ìgbà tí yóò parí. Mouftaou ní òun á dúró dè é.

Àsìkò náà ni àìsàn dé ilé Mouftaou fúnra rẹ̀.

Bilkis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Alafiarou, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin, Abdoul-Kader. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mouftaou ló rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí Raliatou sì gba ikun imú rẹ̀. Bilkis gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn náà le sí i. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Parakou, ojú ọ̀nà lọmọ náà dákẹ́ sí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ní igi tí ọmọ Goro kì bọ̀ ọ́ nímú ló fa èémí rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ó wá fi àwọn ọmọ àwọn dán oògùn òyìnbó wò ni. Àwọn obìnrin kan bú ìyá Raliatou lójú ọjà. Issiaka, bàbá Raliatou, tó ti fi ọmọ rẹ̀ yangàn lójú gbogbo Goro, kò jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìyá Bilkis, ìyá tó bí Mouftaou náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tó bá tún dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn, kó má padà wá pe òun ní ìyá. Ìbànújẹ́ bo Mouftaou mọ́lẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Òun ló ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Kò ka ìkéde náà mọ́, kò sì dé ilé ìwòsàn mọ́.

Raliatou kò rán ẹnikẹ́ni sí Mouftaou. Ó dá lọ sí Alafiarou. Nígbà tó wọ agbo ilé náà, àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó fún un láyè. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì kí wọn kú ọ̀fọ̀. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Bilkis dìde, ó sì ní kí ó tẹ̀ lé òun wọ yàrá.

“Ìwọ lo kàwé,” ó ní. “Má tàn mí. Kí ló pa ọmọ mi?”

Raliatou sọ fún un pé ikọ́ tí òun ń wá ni. Ó wà nínú ikun imú ọmọ náà. Igi òwú náà kò mú un wá, kò sì lè lé e lọ. Ó ní kò sí ohun tí òun ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà tó lè gbà á là, ohun tó sì dun òun jù lọ nìyẹn.

“Ká ní oògùn tó o ń wá yẹn ti wà nígbà tí mo lóyún rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo rò pé ì bá ràn án lọ́wọ́. Mi ò lè búra.”

Bilkis sunkún, Raliatou náà sunkún. Nígbà tó yá, Raliatou bi í léèrè ohun tó ti ń bẹ̀rù láti bi í. Ojú àìsàn tí wọ́n rí nímú Abdoul-Kader ló hàn kedere jù lọ nínú gbogbo èyí tí òun gbà. Tí Bilkis bá gbà, òun fẹ́ kó jẹ́ pé ojú yẹn gan-an ni àwọn á gbìn sára hóró. Tí kò bá gbà, òun á kó o dànù, òun kò sì ní bínú.

“Kò pẹ́ láyé débi tí ì bá fi ṣe nǹkan kan,” Bilkis ní. “Jẹ́ kó ṣe èyí.”

Bilkis ló ránṣẹ́ pe Mouftaou, tó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú tì í pé Raliatou nìkan ló wá jókòó sórí ilẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìròyìn ọ̀sán, ó sọ lórí rédíò pé ọmọ tó kú ní Alafiarou, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, pé ikọ́ ló pa á, kì í ṣe igi olówùú. Ó ní òun ló rọ ìyá rẹ̀ láti gbé e lọ, àti pé bí òun bá ní ọmọ lónìí, òun á gbé e lọ.

Ìyá Mouftaou gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láì bá a sọ̀rọ̀.

Raliatou padà sí ilẹ̀ Faransé nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mouftaou tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Raliatou ní òun ti dárí jì í láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, pé òun mọ iye tí ọ̀rọ̀ yẹn ná an.

Ọdún gorí ọdún. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn. Nígbà mìíràn, wọ́n á kàn sọ ohun tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ náà fún ara wọn. Ìyá Bilkis ń wá ìyàwó fún Mouftaou, Mouftaou sì ń kọ̀. Ní Goro, Issiaka ní bí ọmọ òun bá tilẹ̀ fẹ́ ọkùnrin náà, òun kò ní fi í fún ilé tó bú u.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àwọn hóró tí wọ́n kọ́kọ́ mọ lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀bà tó dì, gbogbo làálàá náà sì di asán. Raliatou sunkún lórí fóònù, ó ní bóyá òun kàn ń fi ayé Mouftaou ṣòfò.

“Olólùfẹ́ mi,” Mouftaou ní, “mi ò mọ nǹkan kan nípa hóró. Ìwọ ni mo mọ̀. Sùn, kó o sì tún un mọ lọ́la.”

Raliatou tún un mọ. Ó yí ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ́n padà, ó yí bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n padà. Àwọn tó jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ ti fẹ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú irú tirẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè sí i.

Oko ni Mouftaou wà, ó ń kọ ebè iṣu, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Raliatou kò tilẹ̀ kí i.

“Ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́,” ó ní.

Ó ṣàlàyé pé àwọn fún àwọn eku ní hóró náà, lẹ́yìn náà àwọn jẹ́ kí àìsàn náà gbéjà kò wọ́n. Àwọn tí kò gbà á ṣàìsàn gan-an. Àwọn tó gbà á, àìsàn náà kò rí ibi dúró sí nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ó ní eku lásán ni o, pé ọ̀nà ṣì jìn kó tó kan èèyàn, pé ó ṣeé ṣe kó má débẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ojú Abdoul-Kader ló wà lára hóró náà.

Mouftaou jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ó gun alùpùpù lọ sí Alafiarou láti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bilkis kò sọ ohun púpọ̀. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó ní kí Mouftaou gbé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn, èyí tí ìyá náà kò gbọ́ rí. Ó ní gbogbo ayé ti gbàgbé ọmọ òun, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jí lójoojúmọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ìyá Bilkis fi etí ìró nu ojú. “Èmi ni mo lé e,” ó ní. “Èmi ni màá lọ mú un wá.”

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó lọ sí Goro, ó kúnlẹ̀ níwájú Issiaka tí kì í ṣe àgbà rẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ ẹ́, òun sì ṣẹ ìyàwó rẹ̀. Issiaka kò fẹ́ kí obìnrin tó tó ẹ̀gbọ́n òun wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dìde, ó fa ìjókòó fún un. Ó ní ọmọ òun ti sọ fún òun lórí fóònù pé ọkùnrin náà ló ń gbé òun ró. Ó ní inú ṣì ń bí òun, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ìbínú òun bá ayé ọmọ òun jẹ́.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Raliatou wálé, lèmọ́mù Goro sì so yìgì wọn. Ìgbéyàwó náà kò ní ariwo. Iṣu tuntun wà, ẹran wà, àdúrà sì pọ̀. Mouftaou, tí gbogbo àgbègbè mọ̀ sí ẹnu dídùn, kò rí ju “Alihamudulilahi” sọ nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Bilkis jókòó ti Raliatou láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù. Ẹranko tó tóbi ju eku lọ ló kàn, Raliatou sì ní láti padà fún sáà kan sí i. Àwọn kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú ìyàwó wo nìyẹn. Ìyá Bilkis ní ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó wá bi òun.

Ní ọjọ́ tó ń lọ, ìyá náà ní òun á sìn ín dé ẹ̀bá títì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Cotonou dúró, ó wọ inú rẹ̀ kí ìyàwó tó wọlé. Ó wá ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún un, ó sì yíjú sí àwọn èrò.

“Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o,” ó ní. “Ìyàwó ilé wa ni. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ló ń ṣiṣẹ́ fún.”

Raliatou na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, Mouftaou dì í mú títí bọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó padà sídìí alùpùpù rẹ̀, ó ní kí ìyá òun wá gùn ún kí àwọn máa lọ. Ìyá náà ní kó ṣì dúró ná, kí bọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ lọ tán lójú òun.